Àga tí Mo Gbà Padà

Ọjọ́ tí mo gbé ọmọ mi lọ han àwọn ará búrò, níbi iṣẹ́ wa, mo bá obìnrin kan lórí àga mi. Kì í ṣe àga nìkan o. Tìmùtìmù tí mo rà nígbà tí oyún ń dùn mí lẹ́yìn, òun náà ló fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń wo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á wò ó." Yorùbá Ìbàdàn ló ń sọ, ó já gaara, kò sí Faransé kankan nínú rẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí Treichville ní Abidjan níbí, tó jẹ́ pé Faransé ni mo fi ń ka ọjọ́ àti owó, mo ní, "Merci, àbúrò." Ọkọ mi ní tirẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti gbọ́njú kó tó wá sí Abidjan. Ó ń wo ọmọbìnrin yẹn bí ẹni tó tún gbọ́ ohùn ilé.

Èmi àti ọkọ mi la ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ọ̀gá wa, ọmọ ìbílẹ̀ Abidjan kan tó gba yàrá mẹ́ta ní Marcory. Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́wọ́ wa ni ètò tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì Adjamé. Àìsàn kan wà lára ètò náà: lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ta ìjókòó kan fún èèyàn méjì. Ó lè pẹ́ kó tó ṣe é, ó sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èrò méjì á wá dúró lórí ìjókòó kan nínú ọkọ̀ tó ń lọ Bouaké, kálukú mú tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání, ìjà á bẹ́. A ka ohun tí a kọ ní àkàtúnkà, a ò rí nǹkan. Ọkọ mi máa ń sọ fún ọ̀gá pé àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe màgòmágó. Ibẹ̀ la dé tí mo fi lọ bímọ.

Ọ̀gá gba ọmọ Ìbàdàn yìí kó fi dí àyè mi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó fọwọ́ pa ọmọ lórí, ó sì sọ ọ́ tààrà pé iṣẹ́ òun ò gbà ju èèyàn méjì lọ. Bí kọ́ńjé, ìyẹn ìsinmi ìbímọ mi, bá parí, ẹni tó bá wúlò fún òun lòun á mú. Mo gbọ́ ọ yé. Ọkọ mi ló pẹ́ jù níbẹ̀, ta ló máa fọwọ́ kàn án? Èmi tàbí ọmọbìnrin yẹn ni.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni pàtàkì ni irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó mú wá láti ilé. Ètò tíkẹ́ẹ̀tì wa ní ọwọ́ púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ọwọ́ kan ń tà, òmíràn ń dá ìjókòó dúró fún èrò, òmíràn ń tú èyí tí wọ́n ti dá dúró pẹ́ jù sílẹ̀. Kí wọ́n má baà kọlu ara wọn, ọwọ́ tó bá fẹ́ kan ìjókòó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ yìí á máa ṣọ́ ètò náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́, á máa wo ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kàn, àti bóyá ó mú kọ́kọ́rọ́. Bí ọwọ́ méjì bá kan nǹkan kan láìmú kọ́kọ́rọ́, á ké, á sì tọ́ka sí ibi méjèèjì nínú ohun tí a kọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ètò tó bá ń ṣọ́ á máa rìn bí ìgbín. Èèyàn á jókòó dè é títí.

Àwọn méjèèjì ló sì ń jókòó dè é. Ọkọ mi á dé ilé wa ní Koumassi Remblais nígbà tí oúnjẹ ti tutù, á ní, "Màmá ọmọ mi, má bínú, irinṣẹ́ yẹn ló pẹ́." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé irinṣẹ́ yẹn ló ń pẹ́ ni, àbí ẹ̀yin gan-an?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òjòwú ò lẹ́ran láyà o." Lóòótọ́ mo ti rù, ṣùgbọ́n ọmú tí mò ń fún ọmọ ni mo kà á sí.

Kí n má parọ́, kì í ṣe ọkọ nìkan ni mò ń jowú lé lórí. Bó bá ń ròyìn ohun tí irinṣẹ́ náà ṣe, itọ́ á máa dà lẹ́nu mi. Èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi fò wọlé. Ó ní ó ti parí, irinṣẹ́ náà ò ké rárá, ètò wa mọ́. Lọ́la ni ọmọ Ìbàdàn máa sọ fún ọ̀gá pé àwọn ará Adjamé ló jẹ̀bi.

Mo ní, "Kí lẹ ní kí ètò náà ṣe níwájú rẹ̀?"

"A ní kó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó tà, ó tà, ó tà."

"Títà nìkan?"

"Kí ló tún kù?"

Mo mọ ohun tó kù. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò lè rí olè tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Nígbà oyún, ọ̀gá ti rán mi lọ jókòó ní Adjamé, kí n wo bí wọ́n ṣe ń lo ètò wa. Oníbàárà á ní, "Bá mi dá a dúró, ẹ̀gbọ́n mi ń gbẹ́rù bọ̀." Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì á tẹ bọ́tìnì, ìjókòó á di pupa lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá pẹ́, ètò á tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú. Àwọn ará Adjamé ò fẹ́ pàdánù oníbàárà, nítorí náà bó bá ti ń ṣẹ́jú báyìí, wọ́n á tún un tẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún ọkọ mi. Kó wá lọ sọ ọ́ fún ọmọ Ìbàdàn? Láéláé!

Lọ́jọ́ kejì mo pọn ọmọ, mo wọ takisí wòrò-wòrò, ó di Marcory. Ọkọ mi ti jáde lọ ra àtíéké fún oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní, "Àbúrò, dìde, bá mi gbọ́mọ." Ó dìde láìjanpata. Ọmọ mi tí àbúrò mi gan-an ò lè gbé kó má ké, ó gbé orí lé èjìká ọmọbìnrin yìí, ó sùn lọ fọnfọn. Háà! Àga mi, ọkọ mi, ọmọ mi. Ó kù kí wọ́n wá fi orúkọ mi pè é.

Mo kọ ọ́ kí ètò náà máa dá ìjókòó dúró, kó sì máa tún un tẹ̀ gẹ́lẹ́ bó bá fẹ́ tú. Ètò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. A dúró. Ọmọ Ìbàdàn ń rẹ ọmọ lẹ́yìn mi. Lójijì, irinṣẹ́ ké: ìlà pupa kún ojú kọ̀ǹpútà. Mo ka ibi àkọ́kọ́, mo ka ibi kejì. Ní búrò wa, kálukú ló ń fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sórí ohun tó bá kọ. Ọwọ́ tó ń tú ìjókòó sílẹ̀ àti ọwọ́ tó ń tún un dá dúró, lẹ́tà ọkọ mi ló wà lórí méjèèjì. Kò sí èyí tó mú kọ́kọ́rọ́: bí ọ̀kan ṣe ń tú ìjókòó sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, èkejì ń dá a dúró fún oníbàárà àkọ́kọ́.

Ọmọbìnrin náà ti kà á lẹ́yìn mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ò tíì rí i. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe wẹ́rẹ́. Ojú á ti Bọ̀dá."

Ìmọ̀ràn tó dára ni. Mo mọ̀ pé ó dára. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá wo? Ta ló fi í ṣe alágbàwí ọkọ mi? Bí a ó bá bo àṣírí rẹ̀, èmi ló tọ́ sí láti bò ó! Mo dìde, mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. "Patron, ẹ wá wò ó."

Ọ̀gá ṣì ń kà á lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ mi gbé àtíéké wọlé. Ọ̀gá bi í pé, "Ṣé àwọn ará Adjamé náà ló kọ èyí?" Ọkọ mi wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí lórí àga, ó wo ọmọbìnrin tó gbé ọmọ rẹ̀ dání. Ó rọra gbé oúnjẹ sórí tábìlì.

Èmi àti ọmọ Ìbàdàn la tún un ṣe. Ìjókòó ò ní olówó méjì mọ́ ní Adjamé. Nígbà tí kọ́ńjé mi parí, ọ̀gá ní èèyàn méjì lòun ṣì nílò, bí òun ṣe sọ. Àwa obìnrin méjèèjì ló mú.

Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé mo ta ọmọ òun. Kí wọ́n máa wí. Èrò ń lu ara wọn nínú ọkọ̀, ṣé kí n máa wòran ni? Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Mi ò sọ ti "Bọ̀dá" fún ẹnikẹ́ni.

Mo gba àga mi padà, tòun ti tìmùtìmù. Ọmọ Ìbàdàn mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn, a máa ń rẹ́rìn-ín gan-an. Lọ́jọ́ kan irinṣẹ́ náà pẹ́, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé. Ọkọ mi gbé ọmọ lápá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi ìdérí bo oúnjẹ mi.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá ọmọ mi, irinṣẹ́ yẹn ló pẹ́."

Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ṣé irinṣẹ́ yẹn ló ń pẹ́ ni, àbí ẹ̀yin gan-an?"

Kò rẹ́rìn-ín. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, mo sì rí i pé egungun àyà rẹ̀ ti yọ.