Ẹni Tí Kò Ní Òjìji Nínú Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀run

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe èyí ní àlọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kó tó ṣẹlẹ̀, orí mi sì pé. Festac níbí ló ti ṣẹlẹ̀, láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ènìyàn.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni, kò sì sí iná. Mo dúró ti aládùúgbò mi, Ìyá Dàpọ̀, lẹ́nu géètì wọn. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Badagry láàárọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́ láti ọ̀sán. Ó gbé àtùpà lé orí ògiri, kí bàbá lè rí gọ́tà iwájú ilé bó bá dé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọkọ̀ ló há sí Mazamaza. Ó ní ohun tí mo ti ń sọ láti ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Lójijì, gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí ewé igi máńgòrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúgbò hó pé iná ti dé. Bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, Ìyá Dàpọ̀ yára fẹ́ àtùpà pa, kí kẹrosíìnì má bàa ṣòfò.

Kì í ṣe iná ìjọba. Bọ́ọ̀lù iná kan ló ń kọjá lójú ọ̀run láti apá Kuje tó wà nítòsí wa níbí, ó funfun, ó ń fa ìrù, kò sì pariwo rárá. Bó ti ń lọ ni gbogbo òjìji ń yí nílẹ̀: ti géètì, ti igi, tèmi. Mo gbàgbé láti mí. Ẹwà rẹ̀ ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni mo rí Bàbá Dàpọ̀ ní òdìkejì gọ́tà, pẹ̀lú fìlà tó dé jáde láàárọ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó kí mi. Mo fẹ́ kí i káàbọ̀ ni ojú mi bọ́ sí ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òun nìkan ni kò ní òjìji.

Mi ò kí i mọ́. Ìmọ́lẹ̀ náà kú. Òkùnkùn biribiri.

Ìyá Dàpọ̀ di ọwọ́ mi mú. “Tíṣà, ṣé ẹ rí i?”

Mo ní ìràwọ̀ tó já ni.

“Mi ò bi yín léèrè ìràwọ̀.”

A ṣáná sí àtùpà. Kò sí ẹnì kankan. Ó ń sunkún pé òun fọwọ́ ara òun pa àtùpà ọkọ òun.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé bàbá délé, wọ́n fi báńdéèjì wé orí rẹ̀. Ọkọ̀ wọn ti dojú dé lọ́nà Badagry. Wọ́n ti kà á mọ́ òkú kó tó sín. Ó yíjú sí mi.

“Tíṣà, mo dé ẹnu géètì lánàá. Mo kí yín. Àtùpà ti kú, ẹ ò sì kí mi káàbọ̀. Ni mo bá padà.”

Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ pé òkúta tó ń jó lójú òfuurufú ni irú iná bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ sì ni. Ìyókù ni mi ò ní ẹ̀kọ́ fún. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí Bàbá Dàpọ̀ ìbá wà ká ní mo kí i káàbọ̀.

Nítorí náà, bí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ò mọ̀ bá bá yín lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ rí ẹni yín nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ná kí ẹ tó kí i káàbọ̀.