Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lára Ìwé Aláwòrán

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé aláwòrán ní ọjà Àpòmù. Tíṣà ni mí ní Ìkirè nígbà náà, ní àwọn ọdún tí òmìnira Nàìjíríà ṣì jẹ́ tuntun létí wa. Kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín pé kí ni tíṣà fẹ́ fi ìwé ọmọdé ṣe, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń rà á. Awakọ̀ ń rà á, télọ̀ ń rà á, àwọn akọ̀wé sì ń ti Ìbàdàn wá a wá. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi àwòrán sọ ìtàn inú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ sì máa ń wà nínú ohun kan tó dà bí ìkúùkù lókè orí wọn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Láti ọwọ́ àwọn òyìnbó tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé ló ti ń bọ́ sí Ìbàdàn, kó tó rọra dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìtàn tèmi ni ti ọkùnrin kan tó ń wá ọkọ̀ tó rì sísàlẹ̀ òkun. Wọn kì í sọ ìtàn náà tán nínú ìwé kan ṣoṣo. Bí mo bá ti gbọ́ pé apá tí n kò tíì ní ti dé, n óò gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di Àpòmù.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan ni gbogbo wa ti ń rà á, lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta àpò òfìfo. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò kòkó rí. Àwọn ni wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ la hóró kòkó wò láti mọ èyí tó jẹ́ gíréèdì kìíní, èkejì tàbí ìkẹta. A gbọ́ pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí a fojú rí ni pé wọ́n gbé òfin kòkó wá sórí ìwé.

Bí èèyàn bá mú ìwé wá tà, Bàbá á kọ́kọ́ gbé e sí imú, nítorí pé ìwé tó ti bu máa ń rùn bí kòkó tí wọn kò sá gbẹ dáadáa. Wọn á fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí ká, wọn á fọwọ́ wá àwọn irin kéékèèké tó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú bóyá wọ́n ti dípẹtà. Lẹ́yìn náà wọn á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, wọn á jẹ́ kí àwọn ewé rẹ̀ máa já lu ara wọn. Wọ́n ní bébà tó bá ti mu omi rí, ohùn rẹ̀ máa ń wúwo. Wọn á wá fi bébà pupa kan wé e, wọn á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Ìlà kan ni èyí tó mọ́ tónítóní. Ìlà méjì ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká, tàbí tí ọmọ kan ti kọ orúkọ sí. Ìlà mẹ́ta ni èyí tí kò léèpo mọ́, àmọ́ tí ìtàn inú rẹ̀ pé. Èyí tí ìtàn rẹ̀ kò bá pé, Bàbá kì í fa ìlà kankan sí i. Àwọn ẹlẹ́pà ló ni ìyẹn.

Ẹnikẹ́ni kì í tú ìwé wò kó tó rà á. Ìlà Bàbá ti tó. Ẹni tó bá tú u, àfi bí ẹni tó pe Bàbá ní òpùrọ́.

Nígbà òjò ọdún kan, mo ra onílà kan, mo gbé e dé Ìkirè, mo jókòó tì í. Ọkùnrin mi wà nísàlẹ̀ òkun, ẹja ńlá kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣí ewé. Mo bá ọkùnrin mìíràn lórí ẹṣin, nínú aṣálẹ̀, tí kò sí omi kankan nítòsí. Ẹnì kan ti yọ ewé ìtàn náà, ó sì fi lẹ́ẹ̀ lẹ ti ìtàn mìíràn sí ipò rẹ̀. Iṣẹ́ náà dán. Mo fọwọ́ pa á, n kò mọ ìyàtọ̀. Ojú nìkan ló lè mú un.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo mú un padà. Télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí àtíbàbà Bàbá ló kọ́kọ́ rí mi.

"Tíṣà onísàlẹ̀ òkun! Ṣé wọ́n ti rí ọkọ̀ náà?"

"Ẹṣin ni wọ́n rí," ni mo dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí mo ń sọ.

Bí mo ti dé iwájú Bàbá, wọ́n ń yẹ ìwé kan wò lọ́wọ́. Wọ́n ṣí i sójú, wọ́n ń mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kà á. Orí gbogbo àwọn tó wà nínú àwòrán náà ló wà nísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn wà lókè. Ìgbà náà ni ó yé mi pé Bàbá kò ríran dáadáa mọ́.

Iṣẹ́ tíṣà ti wọ̀ mí lẹ́wù débi pé ó fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi láti bi wọ́n pé, "Àwòrán kí ni ẹ rí níbẹ̀?" Mo gbé e mì. A kì í dán àgbà wò bí ọmọ kíláàsì. Mo dúró títí èrò fi tán lọ́dọ̀ wọn, mo sì rọra jókòó sórí àpò kan.

"Bàbá, ìwé tí mo rà lọ́jọ́sí, wọ́n lẹ ewé ìtàn mìíràn mọ́ ọn láàárín."

"Onílà kan?"

"Onílà kan ni, sà."

Wọ́n gbà á. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tọ́ ọ, wọ́n gbé e sétí. "Kò sí ohun tó ṣe ìwé yìí."

"Ojú ló máa ń rí i, Bàbá."

Wọ́n kọjú sí apá ibi tí télọ̀ wà. "Ṣé o ti sọ fún un?"

"N kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ìfẹ̀yìntì kọ́ ni mo fẹ̀yìn tì, Tíṣà. Níwájú àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní n kò rí hóró tó bu mọ́. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n gbé e fún, níṣojú mi. Ìwé yìí ni mo fi tún di ẹni tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Akọ̀wé kan tó máa ń ti Ìbàdàn wá rà á lọ́dọ̀ mi sì ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ láti wá kó gbogbo onílà kan. Bó bá bá ẹyọ kan bí irú èyí, ariwo rẹ̀ á kárí ọjà. Ẹ̀ẹ̀kejì ìtìjú mi nìyẹn á jẹ́."

Mo ní kí n máa wá bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Wọ́n mi orí.

"Ìlà tìrẹ nìyẹn á jẹ́, wọn á sì máa pè é ní tèmi. O ṣeun, ọmọ mi. Máa lọ sílé."

Lọ́jọ́ tí akọ̀wé náà máa wá, mo tètè dé. Bàbá ti tú gbogbo ìwé kúrò nínú bébà, wọ́n tẹ́ wọn sórí àpò. Kò sí ìlà lára ọ̀kankan. Akọ̀wé dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ó dúró sójú kan.

"Bàbá, ẹ kú ọjà o. Àwọn onílà kan mi dà?"

Bàbá dìde. Wọ́n gbóhùn sókè kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́.

"Ojú mi ti rẹ̀. Imú mi kò tíì rẹ̀, ọwọ́ mi kò tíì rẹ̀. Láti òní lọ, ẹni tó bá mú ìwé wá tà á ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan níwájú èrò, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á fi ojú tirẹ̀ wò ó. Èmi náà á gbóòórùn rẹ̀, n óò fọwọ́ kàn án. Ohun tí gbogbo wa bá fẹnu kò lé lórí ni n óò fa ìlà rẹ̀."

Akọ̀wé fajú ro.

"Àwọn tí mo ti kó lọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Kó wọn padà wá. Èyí tí kò bá dára, mo gbà á padà."

Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Télọ̀ ló la àárín èrò kọjá, tó na ìwé kan sí wọn.

"Bàbá, ẹ dákun, ọmọ mi tọ̀ sí eléyìí lára."

"Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ kí o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Ẹ̀rín bú jáde. Akọ̀wé pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe ohun tó bá rí fún Bàbá: "Ẹ̀yìn rẹ̀ ká díẹ̀." "Eléyìí dára." Bàbá ń fa ìlà.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló dùn lẹ́yìn náà. Onílà kan dín kù gan-an, nítorí pé ojú púpọ̀ ń rí àléébù púpọ̀. Àwọn kan ní àwọn kò lè ra ọjà lọ́dọ̀ ẹni tí kò ríran, wọn kò sì padà wá. Akọ̀wé padà wá, ó dá ìwé bíi mélòó kan padà, Bàbá sì gbà wọ́n bí wọ́n ti ṣèlérí. Àmọ́ lábẹ́ àtíbàbà yẹn, mo gbọ́ tí àwọn awakọ̀, tí wọn kì í jẹ̀bi lójú ara wọn, ń fẹnu ara wọn sọ pé, "Bàbá, èmi ni mo da epo sí i." Títí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ìwé kan ní Orílẹ̀-Òwu, ọwọ́ Bàbá ni ṣọ́ọ̀kì wà, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé agbára àgbà kan ti ń dín kù lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ẹ lọ bá a ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́ níta. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni àárẹ̀ ń mú, ẹ má ṣe dúró kí ayé fi í bú yín; ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn yín bá yín gbé èyí tí ẹ kò lè dá gbé mọ́.