Àgbo Tí Ìyàwó Mi Kò Jẹ́ Kí N Mu

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, Ìkẹ́rẹ́ là ń gbé. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Èmùré. Ìtọ̀ ṣúgà ti mú mi, oògùn òyìnbó ni mo sì ń lò.

Ìyàwó mi àti ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ń yẹ àgbo ìtọ̀ ṣúgà wò. Wọ́n ń fún àwọn eku funfun mu, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kì í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ga, ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, kò sì tíì gbéyàwó.

Bí ìyàwó mi bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ni. "Ọ̀gá ní àwọn eku yẹn ti ń sanra." "Ọ̀gá ní ká dín àgbo náà kù." Mo bi í bóyá Ọ̀gá ló ń sanwó ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ta mí bí ata.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kó bu díẹ̀ wá fún mi nínú àgbo náà.

"Rárá o, Bàbá Ìbejì. A ò tíì mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ sì ń lo oògùn."

"Eku ń mu ún, ọkọ rẹ ò gbọdọ̀ mu ún?"

"Bí eku bá kú, màá wá òmíràn."

Kàkà kí n gbọ́ ìfẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tí mo gbọ́ ni pé òun àti ọkùnrin yẹn ní nǹkan tí kò kàn mí.

Ìyá kan ń ta irú àgbo bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì Èmùré. Mo ra ìgò kan, mo mu ún. Nírọ̀lẹ́, mo tún lo oògùn mi, mo sì kọ̀ láti jẹun. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi wá bá mi nínú ebi.

Òógùn bò mí. Ìgbà náà ni mọ́tò ọkùnrin yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun àti ìyàwó mi sì jọ wọlé. Mo la ẹnu láti bú u, mo bá ṣubú lulẹ̀.

"Ṣúgà dà?" ni mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń pariwo. Òun ló rọra fi ṣúgà pa mí lérìgì, òun ló gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀ lọ sọ́sípítù.

Dókítà ní àgbo àti oògùn ló pàdé nínú ikùn tó ṣófo, tí ṣúgà ara mi fi já wálẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ọpẹ́ yẹn korò ju ewúro lọ.

"Ìgò àgbo náà ńkọ́?" ni ìyàwó mi bi mí.

Mo ní ó wà lẹ́yìn àga. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ojú wọn tàn. Mo kọjú sí ògiri.

Wọ́n fún àwọn eku ní àgbo tèmi náà mu. Ẹ̀dọ̀ àwọn eku tó mu ún púpọ̀ ti wú. Ìyàwó mi wá ń kìlọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ẹnikẹ́ni má po irú àgbo bẹ́ẹ̀ mọ́ oògùn.

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin yẹn gbéyàwó ní Òmùò, a sì lọ. Nígbà tí a jẹun tán, òun àti ìyàwó mi dúró sábẹ́ igi, ọ̀rọ̀ eku ni wọ́n ń sọ. Ìyàwó tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò wọ́n. Mo mọ ojú yẹn.

Mo gbé ìgò mínírà kan fún un. "Aya wa, ẹ jókòó," mo ní. "Wọn ò ní tètè sọ̀rọ̀ tán."