Bàbá Mi Ń Wá Orúnkún Ojúlówó

Bàbá mi wakọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí orúnkún fi ní òun ò ṣe mọ́. Nígbà tó kó wá sọ́dọ̀ mi ní Mowe, tí a bá ti gbọ́ "Yéè, Ọlọ́hun Ọba!" nínú yàrá, a mọ̀ pé ó ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Dókítà ọsibítù ìjọba ní kí wọ́n gé egungun tó ti bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Bàbá wò ó títí.

"Dókítà, mo ti pààrọ̀ páàtì mọ́tò rí. Kì í dà bí èyí tó bá ọkọ̀ wá."

Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan wà ní Èkó tí wọ́n ń fa mùdùnmúdùn inú egungun èèyàn, tí wọ́n ń ṣa èyí tó lè hù di ẹ̀yà ara tuntun nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gún un sí orúnkún kó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé, ó fò dìde. Wọ́n gbọ́ "Yéè" yẹn dé títì.

"Ojúlówó ara mi ni! Kì í ṣe tòkunbọ̀!"

Mo bi í pé kí ló ń kán an lójú. Ó ní orí àga lòun ti ń kírun ní mọ́sáláṣí, ó sì wu òun kóun tún fi iwájú orí kan ilẹ̀ kóun tó kú. Mo mú un lọ sí Èkó.

Ọ̀dọ́ ni dókítà ibẹ̀, ó sì mọ èèyàn bọ̀wọ̀ fún.

"Bàbá, egungun ìbàdí yín la ó ti fà á."

"Ìbàdí? Èyí tóun náà ń dùn mí?"

"Òun náà ni, sà. Mi ò sì ní parọ́ fún yín: ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àwọn kan ò rí ìyàtọ̀ kankan. A ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Ṣé orúnkún ń dun ìyá yín?"

"Ó ń dùn wọ́n, sà."

"Ẹ ti ṣe é fún wọn?"

Dókítà họ orí. "Wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́."

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Bàbá wí, ó sì nawọ́ sí mi pé kí n fa òun dìde.

Dókítà náà ló júwe obìnrin kan fún wa ní Ifọ̀, tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú oríkèé ara. Obìnrin náà ní kí Bàbá dín ẹ̀bà kù, kó máa jókòó, kó máa na ẹsẹ̀ sókè láàárọ̀ àti lálẹ́. Iwájú ilé ni Bàbá ti ń ṣe é. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí i, ẹsẹ̀ á yọ sí i lójú. Ìyàwó ilé kejì bi mí bóyá òun ṣẹ Bàbá ni.

Ìrora náà dín kù lóòótọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní mọ́sáláṣí, Bàbá ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì forí kanlẹ̀. Lẹ́màámù sálámà láti parí ìrun, gbogbo wa sálámà, Bàbá ò gbórí sókè. Omi bọ́ lójú mi. Mo tẹ̀ ba, mo sọ sí i létí.

"Bàbá, Ọlọ́hun á gbàdúrà yín."

"Àdúrà wo? Gbé mi dìde jàre!"