Irin Tí Bàbá Mi Wá Nítorí Èébì Mi

Òórùn èèpo ọsàn ni òórùn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nílé wa ní Bódìjà. Kì í ṣe pé à ń jẹ ọsàn o. Ìyá mi á bó o, wọ́n á fún èèpo rẹ̀ sí mi nímú títí omi á fi bọ́ lójú mi, wọ́n á tẹ́ ìwé ìròyìn àná sórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á ní kí n jókòó lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nígbà tiwa mọ oògùn yẹn: ẹni tí èébì bá ń gbé nínú ọkọ̀, orí ìwé ìròyìn ló ń jókòó. Gbogbo ìjọba tó jẹ nígbà yẹn ni mo fi ìdí jókòó lé, kò sì sí èyí tó dá èébì mi dúró nínú wọn.

Ẹ̀bi ọkọ̀ wa ni, mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ di òní. Àlòkù ni, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí, bó bá dé kọ́nà, á gbé gbogbo ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìyàwó tó ń yangàn níwájú orogún. Tá a bá ń lọ sí ìjọ Aládùúrà wa ní Òkè Àdó, Mọ́kọ́lá ni mo ti máa ń dákẹ́, tó bá fi máa di Dùgbẹ̀, gbogbo ohun tí mo jẹ ti wà níta. Dépò ẹ̀gbọ́n mi sọ mí ní Ìyá Eléèébì. Á lẹ̀ mọ́ fèrèsé, á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n mú mi pé èmi ni n ó ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé. Mo kà á fún ògiri, mo kà á fún adìẹ. Ìyá mi rán sùtánà tuntun fún mi, funfun báláú, wọ́n fi búlúù fọ̀ ọ́, wọ́n fi sítáàṣì sí i, wọ́n lọ̀ ọ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró. Wọ́n wá wò mí lójú.

"Bùnmi, tó o bá bì sára aṣọ yìí, ọmọ ẹlòmíràn ló máa kàwé o. Ẹnikẹ́ni kì í gbé èébì lọ síwájú pẹpẹ."

Mo bú sẹ́kún. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì, gbé ìwé tí wọ́n ń kà sílẹ̀. "Kì í ṣe ọmọ ló ń ṣàìsàn," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Mùráínà, mẹkáníìkì wọn ní Challenge, lẹ́yìn ibi tí mọ́tò Èkó ti ń pe èrò. Bọ̀dá Mùráínà bu omi kún abọ́ tánganran dẹ́nu, ó gbé e lé mi nítan, ó ní, "Má dì í mú o. Ìwọ sáà jókòó bí ọba." Ó wa ọkọ̀ yí ráńdàbáòtù po lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdajì omi dà sí mi lára, ìyókù wọ bàtà bàbá mi tí wọ́n jókòó tì mí.

"Ọ̀gá tíṣà, ẹ wá wo nǹkan." Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi sípánà lu irin gígùn kan tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. "Sitebiláísà nìyí. Òun ló yẹ kó máa fa ọkọ̀ padà tó bá fẹ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà. Ṣé ẹ rí i bó ṣe tín-ín-rín? Màmá lè fi ro ọkà nílé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó ki sí i."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi máa ń la èmi àti Dépò tá a bá ń jà: "Ẹsẹ̀ méjì tí kò bá gbọ́ tara wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé olówó wọn sí."

Ọkọ̀ kan wà nínú ọgbà náà, irú tiwa, ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ti kú síbẹ̀. Irin tiẹ̀ ki ju àtàǹpàkò bàbá mi lọ. Bọ̀dá Mùráínà tú u, ó fi jáàkì gbé tiwa sókè, ó pààrọ̀ irin, ó fi rọ́bà tuntun dì í mú, ó dè é pinpin. Omi tún kún abọ́, a tún dé ráńdàbáòtù, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ̀ jókòó. Ẹ̀kán omi mẹ́ta ló ta sí mi lára; mo kà wọ́n. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí àwọn agbèrò fi ń wò wọ́n.

Nígbà tá a délé, ìyá mi yọjú sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i. "Irin ò ju irin lọ, Bàbá Dépò. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ rọra wà á lọ́la."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá mi wí.

Wọn ò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi gbé sùtánà tiwọn àti tèmi lé ẹsẹ̀, tèmi lókè, pé ó dìgbà tá a bá dé kí a tó wọ̀ ọ́. Bàbá mi fi eré wọ ráńdàbáòtù Mọ́kọ́lá, wọ́n jáde, wọ́n ronú, wọ́n tún padà yí i po. "Ìyá Dépò, ṣé o rí i?" Ìyá mi ò dáhùn. Mo rò pé inú ń bí wọn ni. Inú tèmi tòrò bí omi inú àmù. Ní Dùgbẹ̀, bàbá mi tún dá ọkọ̀ gbé kọ́nà bí àṣá, ìyá mi ní "Bàbá Dépò," wọ́n sì bì. Orí sùtánà mi ló bọ́ sí.

Dépò wò mí, ó wo ìyá wa, kò mọ ẹni tí òun ì bá tìtorí ẹ̀ lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Bàbá mi páàkì. "Ìyá Dépò, jọ̀ọ́, má bínú." Èmi ti ń sunkún. Ìyá mi nu ẹnu, wọ́n gba èèpo ọsàn lọ́wọ́ mi, wọ́n fa òórùn rẹ̀ símú.

"Kí lò ń sunkún sí? Ṣé ìwọ lo bì ni? Ẹni tó bì ni kò ní dé iwájú pẹpẹ. Gbà." Sùtánà tiwọn ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ká a sókè kí n tó rí ẹsẹ̀ mi. Apá rẹ̀ bo ọwọ́ mi, agbára káká ni mo fi ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n mo kà á dópin. Mo gba ojú fèrèsé ìjọ rí ìyá mi níta nínú ìró àti bùbá lábẹ́ igi máńgòrò, bàbá mi ń fi ìwé ìròyìn tí mo jókòó lé fẹ́ wọn. Èjìká ìyá mi ń mì. Mo rò pé wọ́n ń sunkún, àfi ìgbà tí wọ́n gbójú sókè: ẹ̀rín ni.

Ọkọ̀ yẹn ti lọ. Èmi ni mò ń wa tèmi báyìí, àwọn ọmọ mi sì ń rojọ́ pé ìgbín ń kọjá mi. Sùtánà ìyá mi wà lọ́wọ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé e wọ̀ níwájú dígí, mo ti ju ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà yẹn lọ. Ìdí rẹ̀ ti fún mi, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ó ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Mo ní láti ká a sókè kí n tó lè rìn.