Wọ́n Pa Ariwo Ọkọ̀ Mi, Wọn Kò Tún Un Ṣe

Ìyàwó mi kò lè gun alùpùpù mọ́, nítorí orúnkún rẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo ń gbé e láti Pobè lọ sí Sakété, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí mo ti ń wà láti ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọkọ̀ yẹn ṣeré, ìyàwó mi ló fi ń ṣeré.

Ní ọdún tó kọjá, iwájú ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí a bá kó sí kòtò, á dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan nítòsí ọjà Pobè. Ó gbọn táyà òsì síwá sẹ́yìn, ó ní rọ̀túlù ti jẹ. Rọ̀túlù ni irin olórí roboto tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, tó sì ń jẹ́ kí táyà yí síbi tí a bá darí rẹ̀ sí. Mo ní kí ó pààrọ̀ rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú gbogbo irin ìdarí tó ti ń mì.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mẹ́tìrì," ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, kódà bó ti fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo padà wá gbé ọkọ̀, ó dákẹ́ bí ọmọ tó yó. Mo tilẹ̀ súre fún ọkùnrin náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, a ò tíì jìnnà sí Pobè nígbà tí ọkọ̀ fà sí òsì lójijì, bí ewúrẹ́ tó já mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ níwájú. Tipátipá ni mo fi dá a padà sí ọ̀nà wa. Ìyàwó mi gbá ilẹ̀kùn mú. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà. Rọ́bà táyà alùpùpù ni mo rí, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ká mọ́ rọ̀túlù àtijọ́ náà, tí wọ́n fi wáyà dì. Irin tuntun kankan kò sí níbẹ̀.

A rọra wa ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo ní kí o ṣe?"

"Mẹ́tìrì, ẹ ní ó ń pariwo. Ṣé ó tún ń pariwo?"

Àwọn awakọ̀ tó jókòó sábẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. "Ó mú yín, Bàbá!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Bó ṣe ṣe tèmi náà nìyẹn. Kì í ké rárá."

"Tìrẹ náà? Ọkọ̀ tí o fi ń kó àwọn ìyá onígàárì?"

Awakọ̀ náà wo táyà ọkọ̀ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Inú bí mi débi pé mo jágbe mọ́ mẹkáníìkì náà lójú gbogbo wọn. "Ẹ bá mi pa ariwo yìí" ni gbogbo wa máa ń sọ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bí ẹni pé ariwo ni àìsàn. Ariwo ni ọkọ̀ fi ń kìlọ̀ fún wa. Ẹni tó fi rọ́bà dí i lẹ́nu ti mú ìkìlọ̀ kúrò, ó fi ikú sílẹ̀.

Mo jókòó tì í títí ó fi to irin tuntun sí ọ̀tún àti òsì. Nígbà tó parí, mo ní kó jókòó sí àyè ìyàwó mi, mo sì gbé e gba ọ̀nà Ahoyéyé, níbi tí kòtò pọ̀ sí.

"Mẹ́tìrì, ẹ rọra o!"

"Kí ló dé? Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Bí ẹ ṣe ń wa ọkọ̀ ni kò dá mi lójú."

Ọkọ̀ kò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, bí a ṣe ń lọ sí Sakété, ìyàwó mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, bí ẹ ṣe jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú gbogbo ayé yẹn, kò yẹ àgbà."

Mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní bó bá tún dán an wò, màá tún jágbe mọ́ ọn, kódà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀.

"Ẹ sá máa wo iwájú," ni ó wí.