Ìwé Àwọn Fíìmù Tí A Kò Gbọdọ̀ Wò

Ìgbà kan wà tí ìjọ wa gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa wo fíìmù tí kò dáa. Iṣẹ́ ni wọ́n pè é, wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà lé mi lórí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìjọsìn wa wà ní Grand Prairie, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń kó ẹrù pamọ́ sí rí. Títí di òní, bí oòrùn bá mú, òórùn páálí ṣì máa ń jáde lára ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó pásítọ̀ ti dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, tó ní àwọn ọmọ wa ń wo oríṣiríṣi nǹkan lórí fóònù, pé ọkùnrin ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin ń fẹ́ obìnrin nínú wọn, àwọn òbí ò sì mọ èyí tí wọ́n máa dènà. Ó ní kí ẹnì kan bá wa wò wọ́n, kó kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin ni mo rí o, Mà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ nǹkan wò fínnífínní."

Òótọ́ ló sọ. Láábù ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé Dallas. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni mo ń yẹ̀ wò, mo sì máa ń fi iṣẹ́ náà yangàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Ọmọ mi obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti lo oṣù mẹ́jọ láì wálé. Oak Cliff ló ń gbé, nínú apartment kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin. Láti ilé wa ní Frisco, kò tó wákàtí kan bí freeway bá dá. Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ náà jẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi nínú kíṣìnì mi, mo ní kó má mú ọmọbìnrin yẹn wọ ilé mi mọ́ láé. Kò bá mi jà. Ó fọ abọ́ tó fi jẹun, ó gbé e síbi tó ti mú un, ó bá tirẹ̀ lọ. Látìgbà náà, bí mo bá pè é, á ní "I'm fine, Mummy," á sì rántí lójijì pé òun fẹ́ lọ síbì kan. Mo rò nínú ara mi pé bí mo bá wo àwọn fíìmù yìí, màá rí ibi tí nǹkan yìí gbà wọ inú ọmọ mi, màá sì rí bí màá ṣe lé e jáde kó lè padà wálé. Ọgbọ́n mi nígbà náà nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé ni mo yàn fún un. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣe búrẹ́dì ní ìlú kékeré kan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Nọ́ńbà kìíní. Kò dáa." Mo wá wo ohun tí mo kọ, ojú tì mí. Ní láábù, bí ọmọ iṣẹ́ kan bá kọ èsì láì yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò dé òpin, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Mo tún tan tẹlifíṣọ̀n, mo wò ó tán, ẹkún ni mo sì fi parí rẹ̀. Ọkọ mi ń kọjá lọ sí gàráàjì, ó dúró, ó ní, "Ṣé èyí tí ò dáa yẹn náà lò ń sunkún lé lórí?" Mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe ń wò wọ́n tán lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Mo sì gbà pé ẹni tó bá ní káwọn èèyàn má ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, ni mo bá ń kọ ìdí. "Nọ́ńbà kejì. Ẹ má wò ó. Bàbá àgbàlagbà méjì ni, wọ́n ti jọ ń sin màlúù láti ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀kan ń ṣàìsàn, èkejì ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ náà kó tó fi sí i lẹ́nu, ẹ ò ní lè gbàgbé ẹ̀. Ẹ mú áńkáṣíìfù sítòsí." "Nọ́ńbà kẹta. Kò dáa. Dókítà ọkùnrin kan mú ọkọ rẹ̀ wálé, ìyá ìyá rẹ̀ kò béèrè ohunkóhun ju bóyá ó lè jẹ ata lọ. Ẹ̀rín máa pa yín." Mo fi wọ́n sórí WhatsApp àwọn òbí, mo jókòó, mo ń retí ọpẹ́.

Ìpè ni mo rí gbà. Ìyá kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, níbo gan-an ni nọ́ńbà kejì yẹn wà, kí n lè mọ bí mo ṣe máa dènà ẹ̀?" Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn mẹ́ta mìíràn ti béèrè ohun kan náà. Màmá tó dàgbà jù nínú ìjọ wa, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní, "Mo wo ti àwọn bàbá yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá mi lójú pé kò dáa." Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi tó kú, kò fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ fún mi rí lọ́jọ́ kan." Àwọn ọmọ wa náà kò gbẹ́yìn, ìwé tí mo fẹ́ fi lé wọn sá ni wọ́n fi ń yan èyí tí wọ́n máa wò, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn.

Nọ́ńbà karùn-ún ló wá mú mi. Eré tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́fà ni. Ọmọbìnrin kan sọ fún ìyá rẹ̀ pé obìnrin bíi tòun lòun fẹ́ràn. Ìyá náà kò pariwo. Ó ká aṣọ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn dáadáa, ó kó wọn sínú báàgì, ó gbé e síta. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà ń dúró dè é nínú mọ́tò. Ọmọ wọ mọ́tò, ṣùgbọ́n wọn ò tètè lọ. Ìyá dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń wò wọ́n. Kò jáde. Nígbà tó yá, wọ́n wa mọ́tò náà lọ. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú kíṣìnì mi lọ́jọ́ yẹn. Fíìmù kankan kọ́ ló mú ọmọ mi kúrò nílé, èmi ni. Ó dùn mí wọ eegun. Mo gbé fóònù, mo kọ ọ́: "Nọ́ńbà karùn-ún. Àwọn ọmọ lè wò ó, ṣùgbọ́n ìyá wọn ni kó kọ́kọ́ wò ó. Ohun tí ìyá yìí ṣe ni kò dáa. Èmi náà ti ṣe é rí." Mo fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Kò pẹ́ tí ìyàwó pásítọ̀ fi pè mí. Ó ní ohun tí mò ń kọ ti di ìpolówó ọjà, kí n yọ nọ́ńbà karùn-ún kúrò, kí n kàn kọ "kò dáa" síwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò lè kọ èsì tí mi ò rí." Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn, n ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn ìyẹn, mò ń dín dòdò lọ́wọ́ nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Ọmọ mi ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Mummy." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ohun tí mo kọ ló wà lójú rẹ̀. "Somebody sent me your list. Number five. Did you mean it?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ tọkàntọkàn. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Ó mi orí pé òun ti gbọ́, omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó wo ẹ̀yìn. Mọ́tò kan wà níwájú ilé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ mi ní, "She won't come in. You said she shouldn't."

Ọwọ́ mi wà lára kọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo rí ibi tí ọwọ́ mi wà, ni mo bá jáde pẹ̀lú sílípáàsì tí mo fi ń dáná, mo gba orí koríko kọjá, mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò náà fúnra mi. Ẹ̀rù ń ba ọmọ ọlọ́mọ. Ó kí mi ní Yorùbá tí ọmọ mi kọ́ ọ: "Ẹ káàárọ̀, Ma," ní aago méjì ọ̀sán. Gẹ̀ẹ́sì sá kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "Pa ẹ́ńjìnnì, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Wọlé wá jẹun." Ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Dòdò jóná lọ́jọ́ náà, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, èmi obìnrin tó lọ wá àìsàn ọmọ rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi òsì fà á mọ́ra. Mo mọ òwe yẹn, mo fi kọ́ àwọn ìyá mìíràn, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì ti ọmọ tèmi síta. Mo ṣì ń kọ ìwé náà. Àwọn tó yẹ ká wò ni mo pè é báyìí, Màmá tó dàgbà jù nínú ìjọ sì máa ń pè mí láti béèrè bóyá tuntun ti dé. Bí àwọn ọmọ mi méjèèjì bá wálé lọ́jọ́ Ìsinmi, a máa ń jọ wo ọ̀kan nínú wọn, nígbà mìíràn a sì máa ń padà sí nọ́ńbà karùn-ún. Bó bá ti dé ibi tí ìyá yẹn dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mi ò lè dákẹ́. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé, "Jáde, obìnrin yìí! Wọn ò tíì lọ. Jáde!" Ọmọ mi á gbé orí lé èjìká mi, á ní, "Mummy, it's a show." Mo mọ̀ pé eré ni, mo sì máa ń tún un sọ.